Ẹ̀bùn Ìwà Rere àti Eré Àwọn Ọmọ ní Ilé Ìwé Abúlé Wa: Ìbéèrè Tí Ẹ Máa Ń Bi Wá

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni tiwa, ní agbègbè Oríire lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ọmọ wa kò tó ọgọ́rùn-ún, olùkọ́ márùn-ún ló sì ń kọ́ wọn. Ohun kan náà ni àwọn òbí ń bi wá ní gbogbo ìpàdé, òun náà ni àwọn olùkọ́ ilé ìwé tó wà nítòsí wa ń bèèrè. Mo wá kọ ìdáhùn wọn síbí.

Kí ni ètò yìí gan-an?

A máa ń ṣọ́ ọmọ nígbà tó bá ń ṣe dáadáa, bí a ṣe ti ń ṣọ́ ọ tipẹ́ nígbà tó bá ń ṣe àìdáa. Bí olùkọ́ bá rí ìwà tó dára, á dárúkọ ìwà náà fún ọmọ lójú ẹsẹ̀, á sì fún un ní ọmọ ayò kan kó fi sínú ọpọ́n kíláàsì rẹ̀. Tí ọpọ́n bá kún, kíláàsì náà ti gba eré.

Yinniyinni, kẹ́ni ṣèmíì, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀ kí ilé ìwé tó dé ilẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ní Amẹ́ríkà ń ṣe irú ètò yìí; wọ́n ń pín tíkẹ́ẹ̀tì, ọmọ á sì fi ra nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà nínú ilé ìwé. Àwa ò lówó tíkẹ́ẹ̀tì. Ọpọ́n ayò la ní.

Ìwà wo lẹ ń wò?

Mẹ́rin ni: kí ọmọ dé lásìkò, kó sọ òtítọ́, kó tọ́jú ohun tó jẹ́ ti gbogbo wa, kó ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. A fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní Yorùbá. Nígbà tí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, mẹ́sàn-án la kọ, àwa olùkọ́ gan-an ò lè kà á tán láìwo ògiri. Mẹ́rin yìí, ọmọ kíláàsì kìíní mọ̀ ọ́n lórí.

Ẹ jọ̀wọ́, "ọmọ dáadáa ni ẹ́" kò tó. Ọmọ ọdún mẹ́fà ò mọ èwo nínú gbogbo ohun tó ṣe láàárọ̀ ni dáadáa náà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá sọ fún un pé, "O rí i pé omi inú ìkòkò ti tán, o sì lọ pọn òmíràn wá, kò sẹ́ni tó rán ọ," ó ti mọ ohun tó ṣe, á sì lè tún un ṣe lọ́la. Nínú gbogbo ohun tí à ń ṣe, èyí ni mo kà sí jù. Ọmọ ayò lè tán, eré lè má wáyé nítorí òjò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹ fi dárúkọ ìwà ọmọ kò ní kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Èló la máa san?

Ẹ kò ní san nǹkan kan. Bàbá kan nínú ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ló gbẹ́ ọpọ́n fún wa, àwọn ọmọ ló sì ṣa ọmọ ayò jọ. Bí ẹnikẹ́ni bá gba owó ètò yìí lọ́wọ́ yín, ẹ wá sọ fún ọ̀gá ilé ìwé.

Báwo lẹ ṣe ń lo ọpọ́n ayò náà?

Kíláàsì kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọpọ́n ayò ní ilé 12, àti pé ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin ló ń wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan kí eré tó bẹ̀rẹ̀, èyí tó jẹ́ 48. Òfìfo ni ọpọ́n tiwa máa ń wà níbẹ̀rẹ̀. Ìwà rere kan, ọmọ ayò kan. Ọjọ́ tí 48 bá pé, kíláàsì á yan eré tí wọ́n fẹ́, a ó da ọpọ́n, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń gba bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó kún. Bó bá kún láàárín ọjọ́ mẹ́ta, olùkọ́ ń fi ọmọ ayò ṣòfò nìyẹn. Bó bá sì pé oṣù kan tí kò kún, ojú olùkọ́ ò sí lára àwọn ọmọ.

Ọwọ́ ọmọ tó hu ìwà náà la fi ń jù ú sínú ilé. Olùkọ́ kì í bá a jù ú. Kó dìde níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ọmọ ayò dún kó nínú ọpọ́n, kí gbogbo kíláàsì ka òǹkà rẹ̀ pọ̀: ìdùnnú ọmọ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ á kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́, àti ohun tó ṣe sínú ìwé ìwà.

Ìdí tó fi jẹ́ ti gbogbo kíláàsì ni pé ọmọ a máa gbọ́ ti ẹgbẹ́ rẹ̀ ju ti olùkọ́ lọ. Ní ọdún 1969, àwọn olùwádìí kan gbé irú eré báyìí jáde ní kíláàsì kan ní ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà. Wọ́n pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́ méjì. Ẹgbẹ́ tí àṣìṣe rẹ̀ bá kéré ló ń gba àǹfààní bíi kí wọ́n kọ́kọ́ tò lọ jẹun. Ariwo àti dídìde lórí àga láìgba àṣẹ dínkù gan-an. Àṣìṣe ni tiwọn ń kà. A yí i padà, ìwà rere là ń kà.

Kí ni ọmọ máa rí gbà fún ara rẹ̀?

A kì í fún wọn lówó, a kì í sì í fún wọn ní bisikíìtì. Àǹfààní la ń fún wọn. Tẹ́lẹ̀, ọmọ lè gba àǹfààní láti lu agogo ilé ìwé fún ọjọ́ kan (irin táyà ọkọ̀ tó wà lára igi máńgòrò yẹn ni, ẹ ò lè mọ bí wọ́n ti ń du ú). Ní báyìí, gbogbo ọmọ ló ń lù ú ní yíyí. Ọmọ lè jókòó lórí àga olùkọ́ títí iṣẹ́ kan á fi parí. Ó lè yan àlọ́ tí a máa pa lọ́jọ́ náà. Ní ìparí sáà, a máa ń fún àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìwà ní pẹ́ńsù tàbí ìwé ìkọ̀wé, tí àwọn ọmọ abúlé yìí tó wà nígboro bá fi ránṣẹ́.

Èyí tí àwọn ọmọ fẹ́ràn jù, a ò rò ó tẹ́lẹ̀ rárá. Ọmọ máa ń dúró síwájú gbogbo ilé ìwé láàárọ̀ kó kí oríkì ìdílé rẹ̀. Kó tó lè ṣe é, ó ní láti lọ jókòó ti ìyá àgbà nílé kó kọ́ ọ. Ọmọ Oníkòyí kan tó jẹ́ pé ohùn rẹ̀ kì í jáde ní kíláàsì dìde lọ́jọ́ kan, ó ní ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí kì í gbọfà lẹ́yìn, gbogbo wa sì dákẹ́ fún un. Láti ọjọ́ náà ló ti ń nawọ́ sókè bí mo bá bèèrè ìbéèrè.

Eré wo ni wọ́n ń ṣe, ọjọ́ wo sì ni?

Ọ̀sán Ọjọ́rú ni. A kọ́kọ́ fi sí ọjọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní láti lọ kírun Jímọ̀, kò sì tọ́ kí ẹnikẹ́ni fi eré tó ṣiṣẹ́ fún sílẹ̀ nítorí ìjọsìn.

Bọ́ọ̀lù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè, tọkùnrin tobìnrin. Tẹn-tẹn wà, ìjàkadì wà (orí iyẹ̀pẹ̀ nìkan, níṣojú olùkọ́), àlọ́ pípa, ìdíje sípẹ́lì, àti ayò fúnra rẹ̀. Àwọn kíláàsì karùn-ún àti kẹfà ní ọgbà ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń gbin ewédú àti ṣọkọ yòkòtò sí. Ìdíje eré sísá ilé-sí-ilé wà ní sáà kejì. Ilé méjì péré la pín ara wa sí nítorí pé a ò pọ̀ tó ilé mẹ́rin. Ọjọ́ àwọn ọmọdé, 27 oṣù Karùn-ún, kì í ṣe ẹ̀bùn fún ìwà. Ti gbogbo ọmọ ni, a kì í sì í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ níbẹ̀.

Ṣé gbogbo eré yìí ò ní gba àkókò ìwé lọ́wọ́ wọn?

Nǹkan bíi wákàtí kan ni lọ́sẹ̀ fún kíláàsì tó bá ti gba tirẹ̀. Ẹ wo ayò náà: ọmọ tó fẹ́ jẹ ní láti ka iye ọmọ tó wà nílé, kó mọ ibi tí yóò parí sí kó tó ta á. Ìṣirò orí nìyẹn. Ọmọ kan wà tí ìṣirò inú ìwé ń dẹ́rù bà, ó máa ń jẹ wá lórí ọpọ́n. Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọmọ ayò kọ́ ọ ní ìṣirò pípín.

Kí ni mo lè ṣe nílé?

Ẹ máa bi ọmọ léèrè pé, "Kí lo ṣe lónìí tí wọ́n fi yìn ọ́?" Kí ẹ tó bi í ipò tó mú. Bó bá ṣe dáadáa nílé náà, ẹ sọ ohun tó ṣe gan-an fún un. Kò gbọdọ̀ jẹ́ pé owó ni yóò tẹ̀lé e. Ọmọ tí ẹ bá ń sanwó fún kó tó fọ abọ́, á bi yín léèrè èló lọ́jọ́ tí ara yín ò bá yá.

Ọ̀nà wa jìn, ọmọ mi sì máa ń bá mi ṣa kajú. Ṣé òun ò ní rí nǹkan kan gbà nìyẹn?

Á rí gbà. Ìbéèrè yìí ló dùn mí jù nínú gbogbo èyí tí wọ́n bi wá, nítorí pé àwa la jẹ̀bi. Ní ọdún àkọ́kọ́, ọmọ tó bá dé kí agogo tó lù nìkan ló ń gba ọmọ ayò ti àsìkò. Àwọn tí ilé wọn kò jìnnà sí ilé ìwé ló ń gbà á lójoojúmọ́. Àwọn ọmọ tó ń fẹsẹ̀ rìn láti oko, àtàwọn ọmọ gàá tó ń da màlúù kí wọ́n tó wá, kò gba ẹyọ kan. Ilé la ń fún lẹ́bùn, a rò pé ìwà ni.

Ní báyìí, ara ọmọ la fi ń wọn ọmọ. Ẹni tó ń dé ní aago mẹ́sàn-án tẹ́lẹ̀, tó wá dé ní mẹ́jọ àbọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó gbà á. Ẹni tó ti ń dé lásìkò tipẹ́, á wá a níbòmíràn.

Ní ti kajú, láti oṣù Kejì wọ oṣù Kẹrin, a mọ̀ pé owó ọdún wà nínú oko. A ò ní bá yín jà. Ohun tí à ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ wá sọ fún wa ṣáájú, kí ọmọ sì wá ní ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ọmọ tó bá mú ìwé rẹ̀ dání lọ sóko, tó ka ojú ewé tí a fún un, ó gba ọmọ ayò tirẹ̀ lọ́jọ́ tó bá dé. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí sáà kan kọjá lórí rẹ̀. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 2004 sọ pé dandan ni kí òbí rán ọmọ nílé ìwé títí á fi parí kíláàsì kẹta ti sẹ́kọ́ńdírì.

Ṣé ẹ ti ju ẹgba sílẹ̀ nìyẹn?

Bẹ́ẹ̀ ni. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ti gbà wọlé, kọ̀ kí ẹnikẹ́ni fìyà tó ń tàbùkù jẹ ọmọ. Yàtọ̀ sí òfin, mo ti lo ẹgba fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì rí i pé ohun tí ọmọ ń kọ́ nínú rẹ̀ ni bí yóò ṣe máa fara pa mọ́ fún mi.

Ìbáwí ṣì wà. Ẹni tó da omi nù á lọ pọn òmíràn. Ẹni tó bú ọ̀rẹ́ rẹ̀ á tọrọ àforíjì, á sì bá a ṣiṣẹ́ pọ̀ lọ́jọ́ náà. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn ni ètò yìí, òsì ò kúrò lára wa.

Bí ọmọ bá ṣẹ̀, ṣé ẹ máa yọ ọmọ ayò tó ti gbà?

Rárá. A ṣe bẹ́ẹ̀ ní sáà kan ṣoṣo, a sì kábàámọ̀. Ọmọkùnrin kan kó ọmọ ayò mẹ́fà jọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìjà kan ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, olùkọ́ yọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Lọ́jọ́ Ajé, ó jókòó sẹ́yìn, kò ṣe búburú, kò ṣe rere. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní, "Ẹ ṣáà máa gbà á padà."

Omi tó lọ pọn ṣáájú ìjà, ó pọn ọ́n. Ìjà náà ní ìyà tirẹ̀, omi sì ní ẹ̀bùn tirẹ̀.

Ṣé kì í ṣe pé ẹ ń fún ọmọ ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀?

Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ tó ṣe é, wọ́n ti gbé e síwájú yín. A kì í sọ fún ọmọ pé "ṣe èyí, kí n fún ọ ní ọmọ ayò." Ó ṣe é tán, a rí i, a yìn ín. Olùkọ́ tó bá ń fi ọmọ ayò bẹ àwọn ọmọ kí wọ́n dákẹ́, òun ló ń fún wọn ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀, a sì máa ń bá a sọ ọ́.

Síbẹ̀, ẹ̀rù tó ń bà yín ní ìdí. Ní 1973, àwọn olùwádìí mẹ́ta ní Amẹ́ríkà wo àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó fẹ́ràn àti máa ya àwòrán. Wọ́n ṣèlérí ìwé ẹ̀rí ẹlẹ́wà fún àwọn kan tí wọ́n bá yàwòrán; àwọn mìíràn gbà á láìròtẹ́lẹ̀; àwọn yòókù ò gba nǹkan kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn tí a ṣèlérí fún kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ yàwòrán mọ́. Àwọn tó gbà á láìròtẹ́lẹ̀, nǹkan kan ò ṣe ìfẹ́ tiwọn. Nítorí náà, a kì í fún ọmọ ní nǹkan fún ohun tó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀. Ọmọ tó ń kàwé nítorí pé ìwé dùn, ẹ jẹ́ kó máa kà á lọ.

Ẹ máa ń pe orúkọ ọmọ mi síta. Mi ò fẹ́ kí ojú ayé máa wà lára rẹ̀.

Ìyá kan sọ èyí fún mi pẹ̀lú ẹ̀rù, mi ò sì bá a jiyàn. Bí ẹ ò bá fẹ́ ẹ ní gbangba, ẹ sọ fún wa. A ó sọ ọ́ fún ọmọ náà létí, á ju ọmọ ayò tirẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù bá ti jáde lọ ṣeré, a ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìwà tí òbí lè wá wò. Àwọn ọmọ mìíràn wà tí àwọn fúnra wọn ò fẹ́ kí wọ́n yìn wọ́n lójú ẹgbẹ́, pàápàá àwọn àgbà inú kíláàsì kẹfà. Ètò kan náà là ń lò fún wọn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé àwọn ọmọ kan náà ló ń gbà á ṣáá?

Nítorí pé àwọn ni ojú olùkọ́ máa ń kọ́kọ́ bà. Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ sókè ń gbà, ẹni tó ti ń dààmú wa tó wá dákẹ́ díẹ̀ náà ń gbà. Ọmọ tó jókòó jẹ́ẹ́, tó ń ṣe ohun tó yẹ ní gbogbo ìgbà, kò sẹ́ni tó rí i. Ní ìparí ọ̀sẹ̀, olùkọ́ kọ̀ọ̀kan á gbé ìwé ìwà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ́jísítà. Orúkọ tí kò bá hàn fún ọ̀sẹ̀ méjì, olùkọ́ á ṣọ́ ọmọ náà dáadáa ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. A kì í fún un ní ti àánú. A máa ń rí nǹkan.

Olùkọ́ kì í sì í fún ọmọ tirẹ̀ ní ọmọ ayò. Olùkọ́ mìíràn ló lè fún un. Ọmọ baálẹ̀ àti ọmọ alágbàṣe, ìwà kan náà, ẹyọ kan.

Bí ọmọ bá wá purọ́ láti gba ẹ̀bùn ńkọ́?

Ó ti ṣẹlẹ̀. Ọmọbìnrin kan mú bírò wá, ó ní òun he é, ó sì gba ọmọ ayò òtítọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́wọ́ pé àwọn méjèèjì ló jọ gbìmọ̀ rẹ̀. A ò dójú tì wọ́n. Mo pe àwọn méjèèjì sábẹ́ igi, mo bi wọ́n ohun tí wọ́n ń wá. Wọ́n ní àwọn ò tíì lu agogo rí.

A kọ́ ohun méjì níbẹ̀. Ìkíní, a kì í fún ẹni tó he nǹkan ní ọmọ ayò mọ́. A máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ọmọ ayò òtítọ́ wà fún ẹni tó jẹ́wọ́ ohun tí ìbá fi pamọ́, ó sì ṣòro láti fi ìyẹn purọ́. Ìkejì, agogo ti wá di ti gbogbo ọmọ ní yíyí, kí ẹnikẹ́ni má bàa wà tí kò lù ú rí ní sáà.

Ọmọ kan ló ń ba ti gbogbo kíláàsì jẹ́. Àwọn yòókù ti ń kórìíra rẹ̀.

Níbi tí ètò bá ti ń yọ nǹkan kúrò nítorí ọmọ kan ni èyí ti máa ń burú. Nínú tiwa, kò lè dín ọpọ́n kù, kò kàn lè fi kún un ni. Síbẹ̀ àwọn ọmọ a máa sọ pé, "Ìwọ ò fún wa ní nǹkan kan."

Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a ó ya ilé kan sọ́tọ̀ nínú ọpọ́n fún un fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ mẹ́rin péré ni, fún ohun kékeré tí a ti bá a sọ, bíi kó jókòó títí ìtàn á fi parí. Bí ilé rẹ̀ bá kún, gbogbo kíláàsì ló jèrè mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é lẹ́yìn. Kí a tó ṣe èyí, olùkọ́ á ti lọ sílé rẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì ni a ti bá ọmọ tí kì í jẹun wá láàárọ̀. Ọ̀kan ò gbọ́ràn dáadáa ní etí kejì, a gbé e wá síwájú, ọ̀rọ̀ sì parí.

Ìgbà wo lẹ máa dá ẹ̀bùn dúró?

Díẹ̀díẹ̀ ni. Kíláàsì kìíní àti kejì máa ń rí ọmọ ayò lójoojúmọ́. Ní kíláàsì kẹrin, olùkọ́ á dín in kù, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dín dídárúkọ ìwà kù. Nígbà tí wọ́n bá dé kíláàsì kẹfà, ọpọ́n a kúrò lọ́wọ́ olùkọ́: àwọn ọmọ fúnra wọn ló ń sọ ohun rere tí wọ́n rí lára ẹlòmíràn, kò sì sẹ́ni tó lè dárúkọ ara rẹ̀. Ní sáà tó kọjá, ọpọ́n wọn kún, wọ́n yan bọ́ọ̀lù, wọ́n sì gbàgbé láti bèèrè rẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́rú nítorí pé wọ́n ń bá kíláàsì kìíní kọ ebè sí ọgbà.